Module SystemTap tí wọ́n kọ́ níbòmíràn: ohun tí staprun lè yí padà, àti ohun tí kò lè yí padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà kan wà ní ìkáwọ́ mi tí wọ́n ń ráhùn pé ó máa ń lọ́ra láti ka fáìlì tó bá ti di òru. Wọn kò gbà wá láyè láti gbé gcc (ètò tó ń sọ kóòdù C di ohun tí ẹ̀rọ lè lò) tàbí debuginfo kernel (àkọsílẹ̀ bí inú kernel, ọkàn Linux, ṣe rí) sórí rẹ̀. Ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ wá fi SystemTap, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣọ́ ohun tó ń lọ nínú kernel, kọ́ module kan (ohun tí a ń gbé wọ inú kernel) lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó fi fáìlì .ko rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo lo staprun, ètò SystemTap tó ń gbé module wọlé, ó ní “Invalid module format”. Òun náà dán an wò lọ́dọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú insmod, àṣẹ Linux tó kàn ń gbé module wọlé: ó wọlé láìjà, ṣùgbọ́n kò tẹ nǹkan kan jáde. Ṣé module yìí lè ṣiṣẹ́ lórí sáfà mi rárá? Tó bá lè ṣiṣẹ́, báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú láìjókòó tì í, kí àwọn tí kò ní root láàárín wa sì lè máa lò ó fúnra wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó. Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Kernel mìíràn ni wọ́n kọ́ ọ fún, ẹnì kejì yín sì ní láti tún un kọ́. Bó ṣe máa tún un kọ́ náà, ẹ jẹ́ kó ṣe àtúnṣe díẹ̀ sínú script rẹ̀, torí pé ohun méjì yòókù tí ẹ béèrè, inú script ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí staprun.

Ipele márùn-ún ni SystemTap ń gbà láti orí script dé orí àbájáde. Ó máa kọ́kọ́ ka script náà. Á wá àwọn function àti variable tí script dárúkọ lọ inú debuginfo kernel. Á sọ gbogbo rẹ̀ di C. Á lo gcc láti sọ C yẹn di module. Ipele karùn-ún ló wá ń gbé module wọ inú kernel, tó sì ń gba ohun tó bá tẹ̀ jáde. Staprun kò mọ̀ ju ìkarùn-ún yìí lọ. Ìdí nìyẹn tí sáfà yín kò fi nílò gcc tàbí debuginfo; package systemtap-runtime nìkan ti tó fún un. Ìdí náà nìyẹn tí staprun kò fi lè yí ohunkóhun padà tí ipele mẹ́rin àkọ́kọ́ bá ti pinnu. Èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tí mo ń rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti ń wá: ẹni náà ń wá lórí staprun ohun tí wọ́n ti parí sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ́ module.

Ẹ jẹ́ ká mú ti insmod kúrò lọ́nà. Module SystemTap kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kété tó bá wọ inú kernel. Á ṣí ojú ọ̀nà kan sílẹ̀ tí wọ́n lè gbà bá a sọ̀rọ̀, á wá máa dúró de ẹni tó máa ní kó bẹ̀rẹ̀. Staprun ló ń ṣètò ìyẹn. Ó máa gbé module wọlé, á fi àdírẹ́sì ibi tí kernel wà nínú memory ránṣẹ́ sí i, á bọ́ agbára root sílẹ̀, á sì fa iṣẹ́ lé ètò kékeré kan tó ń jẹ́ stapio lọ́wọ́. Stapio ló máa ní kó bẹ̀rẹ̀, òun náà ló ń gba àbájáde títí dé òpin. Insmod kò mọ ìkankan nínú èyí. Nítorí náà, bí ẹnì kejì yín kò bá tíì tún ẹ̀rọ rẹ̀ tàn, module yẹn ṣì jókòó sínú kernel rẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Tó bá wá lo staprun lórí fáìlì kan náà, “File exists” ló máa rí. Kó fi rmmod yọ ọ́ ná.

Ó wá kan “Invalid module format”. Staprun kọ́ ló bínú, kernel ni. Inú gbogbo module ni wọ́n ti ń kọ ẹ̀yà kernel tí wọ́n kọ́ ọ fún, kernel á sì fi wé tirẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ lè rí méjèèjì fúnra yín:

    modinfo -F vermagic kika_pe.ko
    uname -r

Ìlà àkọ́kọ́ máa fún yín ní nǹkan bíi “5.14.0-427.13.1.el9_4.x86_64 SMP preempt mod_unload modversions”. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí uname sọ mu ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Ìyàtọ̀ nọ́ńbà kan lẹ́yìn dásì ti tó láti bà á jẹ́. Dmesg, àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ tí kernel kọ sílẹ̀ hàn, náà máa ń ṣàlàyé jù bí staprun ṣe ń ṣàlàyé lọ. Ó máa kọ vermagic (ìlà ẹ̀yà kernel yẹn) tó bá nínú module àti èyí tó yẹ kó bá.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ fipá gbé e wọlé pẹ̀lú modprobe tí a fi àṣẹ ìfipá sí. Ẹ má ṣe é, pàápàá jù lọ pẹ̀lú module SystemTap. Láti inú debuginfo ni stap ti wo ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú àwọn struct kernel, ó sì ti kọ ọ́ sínú module bíi nọ́ńbà lásán. Bí kernel tiyín bá fi byte mẹ́jọ sún field kan síwájú, module náà á máa ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín bí ẹni pé òótọ́ ni. Kí ẹ̀rọ dákú sàn ju ìyẹn lọ, torí ẹ ó mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Bó ṣe yẹ kó kọ́ ọ nìyí, lórí ẹ̀rọ tirẹ̀:

    stap -v -p4 -r 5.14.0-427.13.1.el9_4.x86_64 -m kika_pe kika_pe.stp

-p4 ń sọ fún stap pé kó dúró lẹ́yìn ipele kẹrin. -r ni ẹ̀yà kernel sáfà *yín*, kì í ṣe tirẹ̀, kernel-devel àti kernel-debuginfo ẹ̀yà yẹn gan-an sì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa lo kernel yẹn. Kó ṣáà jẹ́ irú processor kan náà àti irú Linux kan náà. -m ló ń fún module lórúkọ, ó sì ń gbé .ko síbi tó dúró sí. Tí kò bá lo -m, inú cache lábẹ́ ~/.systemtap ni yóò wà pẹ̀lú orúkọ gígùn gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú stap_. Kò sì yẹ kí ẹ fi mv yí orúkọ .ko padà lẹ́yìn náà: orúkọ ti wà nínú module fúnra rẹ̀, staprun á sì máa wá a pẹ̀lú orúkọ fáìlì, wọn ò ní pàdé. Ẹni tó bá fẹ́ kí staprun fún un ní orúkọ mìíràn ní ìgbà tó ń gbé e wọlé, -R wà fún un.

Ó ṣeé ṣe kí vermagic bára mu kí ó sì tún kọ̀, kó máa sọ̀rọ̀ nípa build-id (àmì ìdánimọ̀ kernel kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ́) tí kò bára mu. Ìyẹn máa ń wáyé níbi tí wọ́n ti kọ́ kernel fúnra wọn, tí wọ́n tún un kọ́ láìyí orúkọ ẹ̀yà padà. Debuginfo tó wà níbi ìkọ́lé kì í ṣe ti kernel tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ dúpẹ́ pé ó kọ̀. Bí Secure Boot (ìṣọ́ tí kì í gba module tí kò ní ìbuwọ́lù tó mọ̀) bá sì wà ní títàn lórí sáfà, ẹ lè rí “Required key not available” tàbí “Key was rejected by service”: kernel kò mọ ẹni tó buwọ́ lu module. Kò sí àṣàyàn kankan lórí staprun tó ń yanjú ìyẹn. Ẹ ó fi mokutil forúkọ kọ́kọ́rọ́ tiyín sílẹ̀, èyí tó ń gba pé kí ẹ tún sáfà tàn kí ẹnì kan sì wà níwájú console láti fọwọ́ sí i, ẹnì kejì yín á sì fi sign-file buwọ́ lu .ko kó tó fi ránṣẹ́.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí gbígbé wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ràá ni inú script.

Ó ṣeé ṣe kí ìlà kan wà nínú script ẹnì kejì yín báyìí:

    if (pe >= $1)

Ó fẹ́ kí ẹ lè máa sọ iye milliseconds tí ẹ bá kà sí “ó pẹ́ jù”. Èrò rẹ̀ dára, àmọ́ $1 kì í dúró de staprun. Ìpele àkọ́kọ́, nígbà tí stap ń ka script, ló ti fi nọ́ńbà tó wà lórí àṣẹ rọ́pò rẹ̀. Bó bá kọ́ module pẹ̀lú 200, 200 ló wà nínú rẹ̀ títí ayé, kò sí ohun tí ẹ lè kọ sẹ́yìn staprun tó máa sọ ọ́ di 500. Global, ìyẹn variable tí gbogbo script jọ ń lò, ni kó lò dípò rẹ̀:

    global gbedeke = 200
    global oruko = ""

    probe kernel.function("vfs_read").return {
      if (target() && pid() != target()) next
      if (oruko != "" && execname() != oruko) next
      pe = gettimeofday_ms() - @entry(gettimeofday_ms())
      if (pe >= gbedeke)
        printf("%s %d %d\n", execname(), tid(), pe)
    }

Gbogbo global tó jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tàbí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni stap ń sọ di paramita module, staprun sì lè yí wọn padà:

    staprun -x 4127 kika_pe.ko gbedeke=500

Array kò sí lára àwọn tó ṣeé yí padà báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìyẹn ṣe sọ module kan ṣoṣo di irinṣẹ́ tí ẹ lè máa tún lò láìpadà lọ bá ẹni tó kọ́ ọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi module ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ni pé kó wo gbogbo nọ́ńbà àti orúkọ tó wà nínú script rẹ̀, kó béèrè bóyá ẹni tó máa lò ó á fẹ́ yí i padà. Èyí tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́ di global kó tó kọ́ ọ.

Ẹ kíyè sí target(). Òun ni ohun kejì tó ń dúró de staprun: -x máa fi nọ́ńbà process sínú rẹ̀. Mo fi “target() &&” sí iwájú ìlà yẹn tìdí tìdí. Bí ẹ kò bá lo -x tàbí -c, òdo ni target() máa dá padà, script tó bá sì kàn kọ “pid() != target()” lásán máa sọ gbogbo process nù. Module á wọlé, staprun á dákẹ́, ẹ ó sì máa rò pé kò ṣiṣẹ́.

-c ní tirẹ̀ máa fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àṣẹ kan, á fi nọ́ńbà process rẹ̀ sínú target(), á sì parí nígbà tí àṣẹ yẹn bá parí:

    staprun -c "md5sum idanwo.img" kika_pe.ko gbedeke=50

-x kò rí bẹ́ẹ̀. Process 4127 lè kú, staprun á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ, láìní ẹni tó ń tọpasẹ̀ mọ́. Fún iṣẹ́ òru tiyín, èyí ṣe pàtàkì gan-an. Bí ètò tí ẹ ń ṣọ́ bá tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín òru, nọ́ńbà rẹ̀ yí padà nìyẹn, ẹ ó sì bá fáìlì òfìfo ní òwúrọ̀. Ìdí tí mo fi kọ global oruko sínú script nìyẹn: ẹ fi í ṣọ́ orúkọ dípò nọ́ńbà. Kernel kì í tọ́jú ju lẹ́tà 15 lọ fún orúkọ process, nítorí náà orúkọ tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́tà 15 àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní bára mu láé.

Ọ̀rọ̀ kan lórí vfs_read, function kernel tí script yìí ń ṣọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò béèrè. Kì í ṣe díìsìkì nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ètò tó ń ka pipe tàbí socket, tó sì ń dúró de ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀, á dà bí ẹni pé ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá “ka fáìlì”. Bí ẹ bá rí àwọn nọ́ńbà gàgàrà bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ má tíì pe àwọn tó ń tọ́jú storage. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹnì kejì yín fi àyẹ̀wò irú fáìlì kún un.

Yàtọ̀ sí $1, àwọn ohun mìíràn wà tí wọ́n ti dè mọ́ inú module. Gbogbo ààlà tí a ń fi -D yí padà lórí stap wà lára wọn. MAXMAPENTRIES, tó ń sọ iye ohun tí array kan lè gbà, jẹ́ 2048 bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Bí array script bá kún ní agogo méjì òru, module á dáwọ́ dúró pẹ̀lú àṣìṣe, staprun kò sì lè gbà á. MAXSKIPPED jẹ́ 100: bí iye ìgbà tí wọ́n fo probe (ibi tí script ti ń ṣọ́ kernel) bá ju ìyẹn lọ, ó tán. Bákan náà ni ààlà iye àsìkò processor tí probe lè jẹ. Bí probe bá gbà tó ìdajì àsìkò processor láàárín ìwọ̀n tí ó ń wò, module máa pa ara rẹ̀, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ “probe overhead” nínú àṣìṣe náà. Ọ̀nà wà láti pa ìṣọ́ yìí ní ìgbà ìkọ́lé. Èmi kì í pa á lórí sáfà tí àwọn ènìyàn ń lò. Bí ó bá dún, script ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Kí àyẹ̀wò tó ń lé èyí tí kò kàn wá kúrò wà lókè pátápátá, bí mo ṣe ṣe é lókè yìí.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn lẹ́tà. Stap àti staprun jọ ń lo lẹ́tà kan náà fún ohun tí kò jọra, èyí sì burú lójú mi ju gbogbo ìyókù lọ. -D lórí stap ń yí ààlà padà. Lórí staprun, ó ń sọ ọ́ di iṣẹ́ ẹ̀yìn. -b lórí stap ń mú kí processor kọ̀ọ̀kan ní fáìlì àbájáde tirẹ̀. Lórí staprun, ìtóbi buffer (àyè tí àbájáde ti ń dúró kí wọ́n tó kó o) ni, ní megabyte, èyí tí stap ń pè ní -s. -r lórí stap ni ẹ̀yà kernel. Lórí staprun, ohun mìíràn ni pátápátá. -x, -c àti -o wà lára àwọn tí ẹ lè fọkàn tán pé ibì kan náà ni wọ́n dojú kọ.

Fún iṣẹ́ mọ́jú, báyìí ni èmi yóò ṣe é:

    staprun -D -o /var/log/kika_%F.log -S 50,4 kika_pe.ko oruko=postgres gbedeke=500

-D máa tì í sẹ́yìn, á sì tẹ nọ́ńbà process kan jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ní gbà láìsí -o. %F inú orúkọ fáìlì á di ọjọ́ òní, bó ṣe rí nínú àṣẹ date. -S 50,4 ń sọ pé bí fáìlì bá tó 50 MB, kó ṣí òmíràn, kó má sì jẹ́ kí wọ́n ju mẹ́rin lọ. Èyí tó pẹ́ jù ló máa pa rẹ́. Ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń tini lójú ju kí irinṣẹ́ tí a fi ń wá ìdí tí sáfà fi ń lọ́ra kún /var pa.

Ní òwúrọ̀, ẹ pa á pẹ̀lú kill lásán sórí nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀. Stapio á jẹ́ kí probe end ṣiṣẹ́, á kó ìyókù àbájáde, á yọ module kúrò. Kill -9 kì í fún un láyè láti ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, module á ṣẹ́kù sínú kernel, “staprun -d kika_pe” ló máa yọ ọ́. Bí ẹ bá sì rí ìkìlọ̀ nípa “transport failures”, àbájáde ń yára ju bí stapio ṣe ń kó o lọ, àwọn ìlà kan sì ti sọnù. Ẹ fi -b gbé buffer sókè, tàbí kí ẹ gbé gbedeke sókè, èyí tó sábà máa ń dára jù.

Ọ̀nà kejì wà tí kò nílò fáìlì rárá: -L á gbé module wọlé, á bẹ̀rẹ̀ probe, á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. “staprun -A kika_pe” lẹ́yìn náà ló máa so yín padà mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti wà lórí rẹ̀, Ctrl-C máa dá a dúró pátápátá, Ctrl-\ máa tú yín sílẹ̀ láìdá a dúró. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí kò sí ẹni tó so mọ́ ọn, buffer inú kernel ni ó ń kọ sí, tuntun á sì máa gun orí èyí tó ti pẹ́. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́. Fún òru kan gbáko, ẹ lo -D.

Ó kù sí àwọn tí kò ní root. Staprun máa ń gba agbára root nígbà tí ẹnikẹ́ni bá pè é, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń wo ẹni tó yẹ. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ stapusr kò ní rí nǹkan ṣe. Ẹni tó wà nínú stapusr nìkan lè lo module tí alákòóso bá ti gbé sínú fóldà kan ṣoṣo, tàbí èyí tó ní ìbuwọ́lù compile server (ẹ̀rọ tó ń bá àwọn ẹlòmíràn kọ́ module) tí sáfà fọkàn tán. Ẹni tó bá wà nínú stapusr àti stapdev pọ̀ lè lo module èyíkéyìí, níbikíbi tó bá wà. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni sínú stapdev bí ẹ kò bá lè fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà root, torí ohun kan náà ni: ẹni tó lè gbé module tó wù ú wọ inú kernel ti di root. Stapusr ni tiyín.

    install -d -m 755 -o root -g root /lib/modules/$(uname -r)/systemtap
    install -m 644 -o root -g root kika_pe.ko /lib/modules/$(uname -r)/systemtap/
    usermod -a -G stapusr orukọ-olumulo

Ẹni náà gbọ́dọ̀ jáde kó tún wọlé kí ẹgbẹ́ tuntun tó ràn. Lẹ́yìn náà, “staprun kika_pe”, láìsí .ko àti láìsí ojú ọ̀nà, á wá a nínú fóldà yẹn fúnra rẹ̀. Fóldà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti root, kí ẹlòmíràn má lè kọ nǹkan sínú rẹ̀.

Ẹ ronú dáadáa lórí ohun tí ẹ ń gbé síbẹ̀. Ẹni tó wà nínú stapusr lè fi -x sọ process èyíkéyìí, títí kan ti ẹlòmíràn, ó sì lè yí gbogbo global padà. Global tí mo yìn lókè di ẹnu ọ̀nà níbí. Module wa lókè kò léwu, orúkọ process àti àsìkò ló ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n script tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú -g, tó lè kọ nǹkan sínú memory kernel, tí global kan sì ń darí ibi tó ń kọ sí, kò gbọdọ̀ dé inú fóldà yẹn. Ní ti staprun fúnra rẹ̀, ẹ máa gba ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ lásìkò. Ní ọdún 2010, wọ́n rí i pé ẹ̀yà 1.3 kì í nu environment kó tó pe modprobe, olùmúlò lásán sì lè gba ibẹ̀ di root (CVE-2010-4170). -d rẹ̀ náà sì lè yọ module tí kì í ṣe ti SystemTap rárá (CVE-2010-4171). Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe tipẹ́, àmọ́ ó fi hàn irú ètò tí ẹ ń bá lò.

Nígbà tí ẹ bá sọ kernel di tuntun, uname -r yí padà, fóldà ti tẹ́lẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà staprun mọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín á sì máa sọ pé module ti sọnù. Kò yẹ kí wọ́n dúró de ìyẹn. Ẹnì kejì yín lè fi -r kọ́ module fún kernel tuntun nígbà tí sáfà ṣì ń lo ti àtijọ́, ẹ ó gbé e sínú /lib/modules ti ẹ̀yà tuntun náà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tún sáfà tàn.